Àga Bàbá Kékeré

Ọkùnrin kan ti gbé ní ìlú kan rí, tó jẹ́ pé ìnáwó ẹlòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣe ìkómọ, ìdána tàbí ìsìnkú àgbà, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Òun ló ń bá àwọn alásè sọ̀rọ̀, òun ló ń mọ ibi tí wọn yóò ta kánópì sí, òun náà ló ń rí i pé omi àti ọtí ti tutù kí àlejò tó jókòó. Mosúnmọ́lá, má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn irú èèyàn bẹ́ẹ̀, torí ìwọ náà kò yàtọ̀ sí i.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá ń ràn ganrin-ganrin, tápólì òjò wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kan bá ń ṣiṣẹ́, òmíràn ti wà lẹ́yìn ilé tó ń dúró dè é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá ń ṣètò ìsìnkú, ó ti ní àga tí òkú yóò jókòó lé bó bá ṣèèṣì jí. Òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìnáwó kan ilé tirẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdána rẹ̀ ní agbo ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń sè fún aráyé kì í fẹ́ kí ọbẹ̀ ilé òun jóná. Ọkùnrin yìí kò sùn, kò sinmi. Ó fẹ́ kí ọjọ́ náà dùn mọ́ ọmọ náà nínú, torí ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nínú agbo ilé yẹn, àgbàlagbà kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Kékeré. Àbúrò bàbá ọkùnrin yìí ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Bàbá Kékeré ló gbà á tọ́. Òun ló rán an lọ sílé ìwé, òun náà ló síwájú nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó fún un. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ó ti darúgbó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n débi pé bó bá gbé omi, ìdajì rẹ̀ ló máa ń dé ẹnu. Ilé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí gbàgede tí wọ́n fẹ́ lò gan-an.

Àwọn ará agbo ilé náà ní àṣà kan. Bí ọmọbìnrin wọn bá ń lọ sílé ọkọ, bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àgbà ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú obì lọ́wọ́. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Ẹ wá fa ọmọ yín fún ọkọ." Àgbà yóò dìde, yóò ṣáájú, bàbá ọmọ yóò sì tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá tíì ṣe èyí, àgbà kì í yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ ni wọ́n ti ń jó.

Nígbà tí ìdána ku ọjọ́ díẹ̀, ìyàwó ọkùnrin náà bi í pé, "Bàbá ìyàwó, ṣé ẹ máa ráyè lọ pe Bàbá Kékeré láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Mo ti ra obì sílẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé èèyàn tún ń pe onílé wá sílé ara rẹ̀ ni? Bàbá mi ni wọ́n. Àga wọn ni mo kọ́kọ́ tò."

Òótọ́ ló sọ. Àga náà wà níwájú, ó tóbi ju ìyókù lọ, tìmùtìmù pupa sì wà lórí rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti wá ife onídèérí kan fún Bàbá Kékeré, kí omi má bàa dà sí i lára lójú àwọn àna. Má ṣe rò pé ó gbàgbé rẹ̀ o. Kò gbàgbé rẹ̀ rárá. Ó kàn rò pé ẹni tó sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ kò nílò ìpè ni.

Ọjọ́ pé. Kánópì dúró, sípíkà ń dún, ìrẹsì ti jinná. Àwọn àna dé láti ìlú tó jìnnà, wọ́n jó wọlé, àwọn ọkùnrin wọn sì tò sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Alága ìjókòó, obìnrin tó ń darí ètò fún ẹbí ìyàwó, ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ àgbà tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Gbogbo ojú yí sí àga tó ní tìmùtìmù pupa. Kò sẹ́nìkan lórí rẹ̀.

Alága dá orin kan. Ó dá òmíràn. Ọkùnrin náà rọra rán àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ wo ohun tó dá Bàbá Kékeré dúró. Obìnrin náà padà, ó ní, "Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ẹni tó rán mi." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Ọkùnrin náà ní kí mọ̀lẹ́bí kan jókòó sórí àga náà dípò Bàbá Kékeré. Ìgbà yẹn ni àgbà àwọn àna dìde. Kò pariwo, kò sì bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti sọ fún wa pé bàbá kan wà nílé yìí, òun la sì wá bá. Ibi tí a ti wá, a kì í dọ̀bálẹ̀ fún àga. Bí ara wọn kò bá le, ẹ jẹ́ ká padà sílé ká tún wá lọ́jọ́ mìíràn."

O mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àna tó bá gbé ẹrù ìdána padà lójú ayé, ta ló mọ ohun tí wọn yóò sọ fún un nílé kó tó tún yí ẹsẹ̀ padà? Ìyàwó tuntun gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun kò ní kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé Bàbá Kékeré ló máa gbàdúrà fún òun.

Bàbá ọmọ kò rí ibi fi ojú sí. Tápólì wà, jẹnẹrétọ̀ méjì wà, kò sì sí èyí tó wúlò nínú wọn. Ìyàwó rẹ̀ kò ní, "Ṣebí mo sọ." Ó kàn na obì tó ti wà nínú àpò rẹ̀ láti àárọ̀ sí i. Obìnrin gidi ni.

Ọkùnrin náà gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn Bàbá Kékeré. Bàbá wà lórí àga, ó ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí sípíkà ń sọ.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú léèsì funfun tó wọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti múra."

"Láti àárọ̀ ni. Mo ní kí n má bàa dá ẹni tó bá wá pè mí dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ni ín ni."

Bàbá Kékeré ní, "Èmi ni mo ni ín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dá wá. Èmi kì í ṣe mo-gbọ́-mo-yà nílé ẹ̀gbọ́n mi." Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí ọ̀pá. "Mi ò bínú sí ọ o. Mo kàn jókòó, mò ń rò ó pé bóyá nítorí ọwọ́ yìí ni. Mo ní bóyá ojú ń tì yín kí àwọn àna rí i."

Ọmọ mi, ọkùnrin náà sunkún lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà ìbá sunkún.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé obì fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ wá fa ọmọ yín fún ọkọ." Bàbá Kékeré dìde. Ó ṣáájú, ọkùnrin náà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe yọ sí gbàgede, àwọn àna kò dúró de alága mọ́, wọ́n ti wà nílẹ̀. Ìyàwó tuntun jáde, ó kúnlẹ̀, Bàbá sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Bó ṣe ń gbàdúrà ni gèlè ọmọ náà ń mì, kò sì sẹ́ni tó fi rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ ti tutù, ètò ti dàrú, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú bá àwọn àna lọ́nà. Ife onídèérí yẹn, kò sẹ́ni tó rántí gbé e jáde.

Mosúnmọ́lá, o jókòó tì mí láti àárọ̀ tí o ń ṣàlàyé ètò ìrántí bàbá yín fún mi. Mo yìn ọ́. Àwọn alásè rẹ dára, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí dára, o tilẹ̀ ti ronú kan àwọn tí kì í jẹ ata. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tó fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lè tọ́ ẹ̀yin yòókù nígbà tí ìyá yín kú, o rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀? Ṣebí àwọn ló ni ín."

Lánàá mo kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ó ti yọ ìró àti bùbá rẹ̀ tó dára jù jáde, ó ń sá a sórí okùn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Lẹ́yìn náà ló rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Olùkọ́, ọjọ́ wo tilẹ̀ ni wọ́n fi ìrántí bàbá wa sí?"

N kò sọ ọjọ́ náà fún un. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Wá bàtà rẹ wọ̀, ọmọ mi. Ilé rẹ̀ kò jìnnà.