Omi Orí Àpáta Ẹjọ́

Ní ìlú Òkè-Ẹmọ́ láyé ọjọ́un, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹjọ́ tó le, ilé Eyínfúnjowó ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ. Alágbàwí ni obìnrin náà. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà ààfin á máa gbọ́ ọ ketekete. Bí ẹni pa ẹ̀pà ló ṣe ń tú irọ́ àwọn èèyàn: á fọ́ èèpo rẹ̀, á sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ han gbogbo ayé.

Ẹnu nìkan kọ́ ló fi ń jàre o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iwájú ààfin Òkè-Ẹmọ́ ni àpáta dúdú kan wà tó tẹ́ bí ẹní. Àṣà ìlú ni pé ẹni tó bá fẹ́ rojọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kí ó dúró lórí àpáta náà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí nìyẹn. Àwọn baba ńlá ló dá a sílẹ̀ nítorí àwọn onísọkúsọ. Ọ̀sán gangan sì ni ìgbìmọ̀ ìlú máa ń jókòó. Nígbà ẹ̀rùn, àpáta náà a gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń din àkàrà. Àwọn olóyè á wà lábẹ́ igi odán, wọn á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń rojọ́ á máa ta pọ́ún pọ́ún lórí àpáta bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláre ló ti jẹ̀bi níbẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kò gbà fún wọn.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Eyínfúnjowó ti pàdánù oko bàbá wọn. Kò tí ì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fi bẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Eyínfúnjowó kò ti wọ bàtà mọ́. Ó rìn lórí òkúta, ó rìn lórí iyanrìn ọ̀sán, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi le bí awọ ẹfọ̀n. Nígbà tó wá gun àpáta, ó dúró bí òpó, ó sì gba oko bàbá wọn padà. Ariwo ayọ̀ sọ! Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ alágbàwí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ogún ọdún ló fi gba ẹnu aláìlẹ́nu sọ̀rọ̀. Nígbà tí ipò ṣófo nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìlú, àwọn ará àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò kò wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní òun ni yóò máa ṣojú àwọn. Lọ́jọ́ tó wọ ààfin, àwọn obìnrin ń tẹ́ ìborùn sílẹ̀ fún un kí ó máa tẹ̀ ẹ́ kọjá, àwọn ọkùnrin ń ju fìlà sókè. Wọ́n ra bàtà tuntun fún un, ó sì wọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ tó jókòó tó fi dìde.

"Kábíyèsí, òfin kan ni mo gbé wá. Mi ò ní kí a gbé àpáta àwọn baba wa kúrò. Mo ní kí a máa da omi sórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún."

Ọ̀dọ̀fin Arógundádé, olóyè tó súnmọ́ ọba jù lọ, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ná! Ṣé ẹ fẹ́ máa bá olè fọ ẹsẹ̀ ni, ìyá?"

"Ọ̀dọ̀fin, ẹni tí a kò tí ì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kò tí ì di olè."

"Ta ni yóò wá máa pọn omi ọ̀hún? Èmi àbí Kábíyèsí?"

"Èmi ni n ó máa pọn ọ́n."

Ọba wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára. Ó ti dòfin."

Olóyè sì ń pọnmi lóòótọ́! Gbogbo ọjọ́ ẹjọ́, ẹ ó rí Eyínfúnjowó tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ oyè lọ́rùn, tí yóò gbé ìkòkò karí láti odò dé ààfin. Ọ̀dọ̀fin sọ ọ́ ní Olóyè Apọnmi. Adúnbárìn, ọmọbìnrin Eyínfúnjowó, sunkún wálé lọ́jọ́ kan.

"Ìyá mi, ojú ń tì mí. Ìyàwó Ọ̀dọ̀fin ní kí n bá òun bẹ̀ yín, kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ pọn díẹ̀ sí àmù òun náà."

"Sọ fún un pé bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kí ó wá pẹjọ́."

Ẹ̀rín pa Adúnbárìn, ṣùgbọ́n kò bá ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò. Àwọn obìnrin àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ojú wọn rí i pé opó ti ń rojọ́ tirẹ̀ dópin. Àwọn ọ̀rẹ́ Ọ̀dọ̀fin, tí oòrùn ti ń bá jàre tipẹ́, wá ń jẹ̀bi. Èyí ló bí Ọ̀dọ̀fin nínú.

Ní ọdún keje, ó fẹ̀sùn kan Eyínfúnjowó pé ó tú àṣírí ìgbìmọ̀ fún àwọn ará Ìlọ́wà tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà ilẹ̀. Adẹ́mu kan jẹ́rìí pé òun rí i ní Ìlọ́wà, ó sì dárúkọ ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ̀bi, wọn yóò gba oyè lọ́rùn rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ yóò sì fi ìlú sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀rùn ni. Oòrùn ń ta bí ata. Eyínfúnjowó bọ́ bàtà. Ọdún méje tó ti ń wọ bàtà ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di rírọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó wo ibi tí ìkòkò omi máa ń wà. Àpáàdì ló bá níbẹ̀. Ẹnìkan ti fọ́ ọ.

"Gùn ún, Olóyè Apọnmi," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Àbí ẹsẹ̀ ti di ẹsẹ̀ ìyàwó?"

Kó tó gbẹ́sẹ̀, ariwo ta láti ọ̀nà odò. Àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Odò ló ń gòkè bọ̀, ìkòkò lórí wọn lọ rẹrẹẹrẹ, omi ń dà sí wọn lára. Ta ló ṣíwájú? Adúnbárìn ni!

"Ẹ yà fún wa o! Ìyá mi kì í gun àpáta gbígbẹ!"

Ọ̀dọ̀fin fò dìde. "Kábíyèsí, ará ìlú la ṣòfin omi fún, kì í ṣe olóyè!"

"Òfin kò mọ olóyè," ni ọba wí. "Ẹ dà á."

Wọ́n da ìkòkò kan, àpáta náà hó ṣàà. Wọ́n da ẹ̀kejì, wọ́n da ẹ̀kẹwàá. Eyínfúnjowó gùn ún. Ilẹ̀ tutù! Ó mí kanlẹ̀, ohùn àtijọ́ sì dé. Ó ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tó wà àti ẹni tó wà níbẹ̀, olúkúlùkù sì ń dá a lóhùn láàrin èrò pé, "Òótọ́ ni!" Nígbà tó kan ọjọ́ tí adẹ́mu dárúkọ, ó ní, "Ilé ìyá ìyàwó adẹ́mu yìí ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́, mo ń parí ìjà ilé wọn."

Ìyá arúgbó kan nàgà sókè. "Òótọ́ ni o! Ó tilẹ̀ ní ọbẹ̀ mi ta jù!"

Ẹ̀rín bo ààfin. Adẹ́mu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí! Ọ̀dọ̀fin ló rán mi!"

"Ọ̀dọ̀fin," ni ọba wí, "ó kàn ọ́. Bọ́ bàtà."

Oòrùn ti fa omi orí àpáta gbẹ. Ọ̀dọ̀fin wo àpáta, ó wo àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó mira. Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ gba ìkòkò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀ fún un.

"Ẹ máa bọ̀. Ó ti tutù."

Ọ̀dọ̀fin gùn ún, ó tẹrí ba. Gbólóhùn kan ló rí sọ: "Mo jẹ̀bi."

Bí ìlú ti ń hó yèè, Adúnbárìn kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sórí itan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò bó, kò tilẹ̀ pọ́n. Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá, tí àwọn àgbà kò fi yé pa á títí dòní pé: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.