Òkété àti Èèwọ̀ Iná

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Kí ló ṣe ohùn yín? Ṣé ebi ló ń pa yín ni? Bí ebi bá ń pa yín, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á. Ẹ dá mi lóhùn dáadáa. Àlọ́ o!

"Àlọ̀ o!"

Ẹ̀n-ẹ́n. Inú ń bí mi lálẹ́ yìí, n kò sì ní í fi bò. Ìyàwó Adérògbà, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ti sè láti ìrọ̀lẹ́. Ìkòkò rẹ̀ ló wà lẹ́bàá ààrò lọ́hùn-ún yẹn, ó ṣì wà ní dídé bó ṣe dé e. Ẹnikẹ́ni kò tọ́ ọ wò. Ẹnìkan ní inú ń kan òun. Ẹlòmíràn ní òun ti jẹ iṣu sísun lóko. Ọmọbìnrin náà wà nínú yàrá, ó ń sunkún, ẹ̀yin sì kóra jọ sí ojúde, ẹ ń retí àlọ́. Ó dáa, mo máa pa á fún yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àlọ́ mi ta gìrì, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó já sínú ìkòkò ọbẹ̀, ó sì gbá Òkété létí mú.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀rẹ́ mẹ́rin wà nínú igbó: Ehoro, Ẹtù, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òkété. Wọn a máa jẹun pọ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ilé ẹnìkan ni wọ́n ń lọ. Onílé á sè, àwọn yòókù á wá jẹ. Bó bá di ọjọ́ ọjà mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Ehoro mọ ìkọ́kọrẹ́ sè. Á rin ewùrà, á po epo àti ata mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo igbó. Ti Ẹtù ni mọ́ínmọ́ín. Ewé eéran ló ń pọ́n ọn sí, kò sì sí ẹni tó ń jẹ ẹyọ kan kó dìde.

Òkété ńkọ́? Kò mọ̀ ju kó jẹ lọ. Bó bá kàn án láti sè, á ní òun rìnrìn àjò. Ẹ ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́, àpò ni. Bó ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń kì í sí ọ̀tún, tó ń kì í sí òsì, kó lè tún un jẹ nínú ihò rẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú. Síbẹ̀, kò tó o. Bó bá rí òkèlè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ńṣe ló máa ń dùn ún bí ẹni pé ẹnu òun ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ó jókòó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bí àwọn mẹ́ta yìí kò bá jẹ, èmi nìkan ni mo ni gbogbo rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ti ọwọ́ wọn kúrò nínú àwo láìjà?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹtù kì í jẹ ẹyin. Ṣé ó máa jẹ ọmọ ara rẹ̀ ni? Ehoro kì í jẹ ẹja àrọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ olú. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí mọ èèwọ̀ ara wọn, wọn kì í sì í fi sè. Ibẹ̀ gan-an ni Òkété gbà wọlé.

Lọ́jọ́ tí ó kan Ehoro láti sè, Òkété gba ilé Ẹtù lọ láàárọ̀.

"Ẹtù, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o."

"Kí ló dé?"

"Ẹyin ni mo rí lọ́wọ́ Ehoro. Ó ń fọ́ ọ sínú ìkọ́kọrẹ́."

"Háà! Ehoro tó mọ èèwọ̀ mi?"

"Bóyá ó gbàgbé ni. Ìwọ ṣá má jẹ ẹ́. Má sì béèrè, kó má lọ dà bíi pé ò ń wá ìjà."

Ó kúrò níbẹ̀, ó yà sílé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní olú ni Ehoro lọ̀ mọ́ ata. Ó tún ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ má béèrè.

Nígbà tí wọ́n pé jọ sílé Ehoro, Ẹtù ní inú ń kan òun. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ti jẹun nílé. Òkété nìkan ló wẹ ọwọ́.

"Ẹ̀yin ẹ sinmi jẹ́ẹ́," ni ó wí. "A ò lè jẹ́ kí làálàá ọ̀rẹ́ wa ṣòfò."

Ó jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ehoro jókòó, ó ń wo ìkòkò, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Ẹ dúró ná. Ibí yìí ló ń bí mi nínú jù. Kí ló ṣe ẹnu Ẹtù? Kí ló ṣe ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́? Ìkòkò wà níwájú wọn. Ẹni tó sè é wà níwájú wọn. Ṣé wọn ò lè ní, "Ehoro, a gbọ́ báyìí báyìí, ṣé òótọ́ ni"? Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Ojú wo ló ń tì wọ́n? Ẹni tó kọ oúnjẹ rẹ lójú rẹ ti dójú tì ọ́ tán! Inú ń bí mi sí Òkété, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí àwọn olójútì wọ̀nyí náà.

Ó kan Ẹtù. Òkété sọ fún Ehoro pé Ẹtù fi ẹja àrọ̀ sínú mọ́ínmọ́ín, ó sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́ pé olú ló fi sí i. Ehoro kọ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ̀. Ehoro tilẹ̀ ti ń bínú tẹ́lẹ̀, ó ní ẹni tí kò jẹ tòun, kí lòun ń jẹ tirẹ̀ fún? Òkété nìkan ló tú gbogbo ewé. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ọ̀rẹ́ yìí bá pàdé lọ́nà, ìkíni wọn kò dán mọ́rán mọ́.

Ó wá kan Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró máa kọ́kọ́ sè fún àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò sùn tán tó fi dìde. Ó gún iyán, ó lọ ẹ̀gúsí, ó fi ìgbín àti ẹran gbígbẹ sè é. Ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lónìí, wọ́n á mọ̀ pé ọkọ mi fẹ́ ìyàwó."

Òkété ti yí ká. Ó ti sọ ẹja àrọ̀ fún Ehoro. Ó ti sọ ẹyin fún Ẹtù.

Wọ́n dé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ehoro ní eyín ń dun òun. Ẹtù ní òun ń gbààwẹ̀. Òkété ní, "Ìyàwó wa, bù ú wá, má dá àwọn yẹn lóhùn." Ó jẹ títí ikùn rẹ̀ fi yọ síta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú nígbà tó ń lọ, kò tilẹ̀ lè dágbére. Ọbẹ̀ díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú ìkòkò.

Àwẹ̀ró wọlé, ó di ẹrù rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè.

"Ilé bàbá mi. N kò lè gbé ibi tí wọ́n ti ń wo oúnjẹ ọwọ́ mi bí ohun ẹ̀gbin."

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, má lọ."

Àwẹ̀ró nu ojú. Obìnrin náà kì í sunkún pẹ́. Ó ju ẹrù sílẹ̀, ó ká òṣùká lé orí, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ náà rù. Ó ní, "Bí mo bá máa lọ, màá kọ́kọ́ mọ ohun tí mo ṣe." Ó kọrí sí ilé Ehoro, ó ń kọrin. Ẹ gbè é!

Ehoro, jáde wá wo ọbẹ̀ mi o,
*Ẹ ṣí i wò.*
Mo gúnyán, mo sebẹ̀, ẹ ò jẹ o,
*Ẹ ṣí i wò.*
Kí ni mo fi sè é tẹ́ ẹ fi sá o?
*Ẹ ṣí i wò.*
Bẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ fẹnu yín wí o,
*Ẹ ṣí i wò.*

Ehoro yọjú. "Ìyàwó wa, eyín ló ń..."

"Irọ́! Eyín rẹ kò ṣe ohunkóhun. Kí ni mo ṣe?"

Ehoro wolẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ẹja àrọ̀ lo fi sè é."

Àwẹ̀ró sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ṣí i, ó na ìgbakọ sí i. "Wá a. Tú u títí dé ìsàlẹ̀."

Ehoro tú u. Ìgbín ló rí, ẹran gbígbẹ ló rí. Kò rí ẹja kankan.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òkété ni."

Wọ́n jọ lọ sílé Ẹtù. Ẹtù náà tú u, kò rí ẹyin. Ó ní, "Òkété ni." Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ẹ̀yìn wá. Olú tí Ehoro kò fi sè. Ẹja tí Ẹtù kò rà. Inú bí wọn débi pé ìyẹ́ Ẹtù dìde lára rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ lọ bá Òkété lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ má tíì nà án," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣebí òun ló kàn láti sè? Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún un."

Wọ́n bá Òkété lẹ́nu ihò rẹ̀. Ehoro ní, "Ọ̀rẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ ni a ó jẹun lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Òkété fọwọ́ họ orí. "Áà! Ṣé n kò tíì sọ fún yín ni? Èèwọ̀ ìdílé wa ni."

"Kí ni èèwọ̀?"

"Iná. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi kó tó kú. Bí mo bá fọwọ́ kan iná, mo gbé."

"Iná gan-an?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

"Iná gan-an, ìyàwó wa."

"Ṣé o lè búra?"

"Bí mo bá purọ́, kí ilẹ̀ tí mo ń gbé inú rẹ̀ lé mi jáde!"

"A ti gbọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n lọ. Òkété wọ inú ihò, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ọjọ́ ọjà pé. Àwọn ọ̀rẹ́ pàdé sílé Ọ̀kẹ́rẹ́, gbogbo wọn jọ dáná. Ìkọ́kọrẹ́ wà ńbẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà ńbẹ̀, iyán Àwẹ̀ró ń yọ́ lẹ́nu. Òórùn náà lọ bá Òkété nínú ihò. Ta ló pè é? Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dé.

"Ẹ kú ìjókòó o!"

"Káàbọ̀, jókòó," ni Àwẹ̀ró wí. "A ti gbé tìrẹ sọ́tọ̀."

Ó gbé àwo kan tí wọ́n fi ewé bò wá. Òkété ti ń pọ́n ẹnu lá. Ó ṣí i. Gígé iṣu tútù kan, ẹ̀wà gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹyìn tútù díẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ.

"Kí nìyí?"

"Oúnjẹ rẹ ni," ni Ẹtù dáhùn. "Iná kò kàn án rárá. Ẹni tí iná bá jẹ́ èèwọ̀ fún, ohun tí iná sè náà èèwọ̀ ni fún un. A ò lè jẹ́ kí èèwọ̀ pa ọ̀rẹ́ wa."

Òkété na ọwọ́ sí ìkòkò. Ehoro gbá a lọ́wọ́.

"Èèwọ̀!"

Ó na ọwọ́ sí mọ́ínmọ́ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá a lọ́wọ́.

"Èèwọ̀!"

Ara Òkété kò gbà á mọ́. Ó figbe ta. "Irọ́ ni mo pa! Iná kì í ṣe èèwọ̀ mi!"

Ehoro dá òkèlè rẹ̀ padà sínú àwo. "Èwo nínú irọ́ rẹ nìyẹn? Ṣé ti ẹja àrọ̀ ni?"

"Àbí ti ẹyin?" ni Ẹtù wí.

"Èyí tó fẹ́ lé ìyàwó mi lọ ńkọ́?" Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dìde dúró.

Ẹ rò pé Òkété bẹ̀bẹ̀? Kò bẹ̀bẹ̀. Ẹran ló ń wò. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó kó ẹran sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sá. Àwọn ọ̀rẹ́ fa igi iná yọ nínú ààrò, wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Ó kó sínú ihò rẹ̀. Wọ́n kó ewé gbígbẹ jọ sẹ́nu ihò, wọ́n ṣáná sí i, Ẹtù fi ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ. Èéfín wọlé. Òkété wúkọ́, ó tún wúkọ́, ẹran tú dànù lẹ́nu rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ojú rẹ̀ pọ́n koko, ó sì sá wọ igbó lọ. Ilẹ̀ tó fi búra lé e jáde.

Òkété, báyìí nìwà rẹ! Títí di òní, ẹyìn tútù ló ń jẹ. Òun nìkan ló ń jẹun. Bí ọdẹ bá sì fẹ́ mú un, iná ni wọ́n ń dá sẹ́nu ihò rẹ̀. Àwẹ̀ró kò di ẹrù mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ń fi irọ́ lé ọ̀rẹ́ nídìí àwo, òun ni yóò dá jẹun kẹ́yìn. Ẹni tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìkòkò kan, ẹni tó sè é ni kó lọ bi. Bí mo bá fi iyọ̀ irọ́ sí i, kí ahọ́n mi má mọ adùn ọbẹ̀ mọ́.

Ó yá. Ẹni tó ń lọ láti yàrá dé yàrá, tó ń sọ pé ọwọ́ ìyàwó yìí kò mọ́, mọ ara rẹ̀. Ó jókòó síbí, ó gbè orin mi. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á gbọ́, tẹ́ ẹ wá ń purọ́ inú kíkan, ẹ̀yin náà ẹ kò sàn jù ú lọ.

Adérògbà, lọ gbé ìkòkò yẹn wá síwájú mi. Ìyàwó! Nu ojú rẹ, jáde wá, wá jókòó tì mí. Mú àwo mi dání. Èmi àgbà ni mo máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní ohun tó máa wí, kó wí i báyìí, lójú ẹni tó sè é. Ẹni tí iná bá sì jẹ́ èèwọ̀ fún, ẹ̀gẹ́ tútù wà lẹ́yìn ilé.

Ẹ dákẹ́?

Ó dáa. Ẹ ṣí i wò.