Ìjì Tó Kó Gbogbo Ọlọ́ya Jọ Sílé Ìdáná

"Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa, tọmọdé tàgbà ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ta ni Àbóyadé? Kí ló sì ń ṣe é gan-an? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ní abúlé Ìgbó-Àràbà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọyáníkẹ̀ẹ́. Òun ni Ìyá Ọya, olórí gbogbo obìnrin tó ń bọ òrìṣà tó ni ìjì. Arúgbó ni, kì í pariwo, bó bá sì ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ará abúlé gbà pé kò sí ohun tó lè bà á lẹ́rù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, àyà Ìyá á máa já, á wá di ààjà ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, kó má baà dún kó sì tú àṣírí rẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń fi ẹ̀rù náà pamọ́.

Ìyàwó tuntun ni Àbóyadé ní abúlé náà. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọya ni wọ́n bí i, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bó bá ń ki Ọya, àwọn àgbàlagbà á gbàgbé òkèlè sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ti fẹ́ jà báyìí, ẹ ò ní rí i mọ́.

Lọ́jọ́ ọdún, òun ni wọ́n ní kó ru omi láti odò wá sí ojúbọ. Ó kù díẹ̀ kó dé ni ìjì dé. Ọ̀pẹ ń dọ̀bálẹ̀, mọ̀nàmọ́ná kọ, àrá sán. Àbóyadé ju igbá omi sílẹ̀, ó sáré wọ ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ojúbọ, ó lọ ká jọ sẹ́yìn àmù.

Inú bí àwọn obìnrin yòókù. Ọyábùnmi, igbákejì Ìyá, ló pariwo jù.

"Ọlọ́ya tó ń sá fún ìjì! Ṣé ẹja ń bẹ̀rù omi ni? Ìyá, ẹ gba ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, kó máa lọ!"

Bí wọ́n bá gba ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, tó jẹ́ àmì ọlọ́ya, Àbóyadé kò ní ní ojú tí yóò fi wo ará ilé ọkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ilé ìdáná.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Àbóyadé kò gbójú sókè. "Ohun tí gbogbo wọn ń wí náà nìyẹn, Ìyá. Etí mi ń gbọ́ ọ, àyà mi ni kò gbọ́. Èmi nìkan ni Ọya kọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá lára. Ohun tí òun náà rò nígbà èwe nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òótọ́, wọ́n lè gba ìlẹ̀kẹ̀ tòun náà. Síbẹ̀, ó jókòó sínú eérú, ó mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó fi lé àyà ara rẹ̀. Àrá tún sán.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń lù kìkìkì? Bó ṣe ń ṣe ọ́ ló ń ṣe mí, láti kékeré."

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Ọyábùnmi ló kọ́kọ́ wọlé, ojú ń tì í.

"Kí lẹ rò pé ó ń mú mi kọrin kíkankíkan bí àrá bá ń sán? Kí n má baà gbọ́ ọ ni."

Ó jókòó tì wọ́n. Ẹlòmíràn ní abẹ́ ẹní lòun máa ń wà. Ìyá àgbà kan ní òwú lòun fi ń di etí. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fún mọ́ra bí ẹja inú agbọ̀n. Ni ẹnì kan bá jókòó lé igbá ẹ̀kọ, ni ẹ̀rín bá sọ. Àbóyadé náà rẹ́rìn-ín, tòun ti omijé lójú.

Òjò dá, gbogbo wọn sì jọ padà sódò. Àrá ṣì ń kù lókèèrè, Àbóyadé ṣì ń wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sáàárín, ó sì ru omi náà dé ojúbọ. Àwọn ọkùnrin abúlé tó wá ń dúró de omi náà lẹ́yìn òjò bi wọ́n pé, "Kí ló ṣe Àbóyadé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Ìyá wo àwọn obìnrin rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe."

Títí dòní, bí ẹnì kan bá gbé ìṣòro rẹ̀ wá, tó rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ bá, òwe yìí ni àgbà máa ń pa fún un. Wọn a sì tún máa pa á fún ẹni tó ń fi ìdààmú ọmọnìkejì rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, kó lè kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà tirẹ̀ wò.