Àkàngbé Tó Wọ Awọ Ẹfọ̀n

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Bàbá Láoyè na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní láàárín agbo-ilé. Ó wo àwọn ọmọ tó yí i ká.

"N ò gbọ́ yín. Àbí oúnjẹ alẹ́ ti dí yín lọ́fun ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ ooo!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀ kọjá odi ìlú. Kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé, àfi gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ẹfọ̀n."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbá itan ara rẹ̀ pàá. "Bàbá Àgbà, ẹ̀fọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mí báyìí ni. Báwo ni àlọ́ ṣe máa bà lé e lẹ́yìn?"

"Ẹfọ̀n ni mo pè, n ò pe ẹ̀fọn! Ẹfọ̀n abìwo, tí ọrùn rẹ̀ ki bí ìtì igi. Bí irú èyí bá bà lé ọ nítan, a ò ní í rí itan náà mọ́."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Láoyè dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Etí-Ọ̀dàn. Láyé àwọn bàbá wọn, ẹfọ̀n ló kún inú ọ̀dàn tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Àwọn ọdẹ yìnbọn, wọ́n yìnbọn, wọ́n yìnbọn, títí tí àwọn ẹfọ̀n tó ṣẹ́kù fi kó ẹrù wọn, tí wọ́n sá lọ sẹ́yìn òkè.

"Ẹfọ̀n ní ẹrù, Bàbá Àgbà?"

"Mọ́rẹ̀nikẹ́, ṣé ìwọ lò ń pa àlọ́ ni àbí èmi?"

Nígbà tí ẹfọ̀n lọ tán, koríko líle tí wọ́n máa ń jẹ kò rí ẹni jẹ ẹ́ mọ́. Ó ga, ó ga, ó ga ju òrùlé lọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, iná a mú un, a jó wọ inú oko, a jó aká àgbàdo mọ́ ọn.

Ni ọba ìlú náà, Ọlọ́dàn, bá pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ ẹfọ̀n kí wọ́n padà wálé."

Gbogbo ìlú ní, "Kábíyèsí, ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo ló fò dìde. Àkàngbé ni, ọkùnrin tó ń sin màlúù létí ọ̀dàn.

"Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn! Ẹfọ̀n kẹ̀? Níbi tí màlúù mi ti ń jẹ̀? Wọn á jẹ koríko mi, wọn á mu omi mi, wọn á kó àrùn ran ẹran mi. Àwọn akọ wọn á tún máa ṣẹ́jú sí àwọn ọmọge màlúù mi!"

Ọba bi í pé, "Àkàngbé, ta ló ni ọ̀dàn?"

"Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ó tán nìyẹn. Jókòó."

Wọ́n rán lékeléke. Lékeléke fò lọ sẹ́yìn òkè, ó jíṣẹ́ fún ẹfọ̀n pé ọba ti ní kí ọdẹ kankan má yìnbọn sí wọn mọ́. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì kìtìkìtì. Ẹfọ̀n dé!

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé gan-an, adágún tí màlúù Àkàngbé ti ń mumi di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àyìnkẹ́, ọ̀dọ́ abo màlúù tí Àkàngbé fẹ́ràn jù, kò wálé. Ó dúró lọ́hùn-ún, ó tẹjú mọ́ akọ ẹfọ̀n kan, ó ń rún koríko kan náà láti àárọ̀. Àkàngbé pè é títí, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Inú bí Àkàngbé délé. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ní, "Bàbá Kóyè, ẹ wá jẹun."

"N ò jẹ! Mo ti mọ ohun tí màá ṣe."

Ó gun orí àjà, ó gbé awọ ẹfọ̀n kan sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi í sílẹ̀. Awọ náà pé, tìwo-tìwo, torí-torí. Àmì funfun wà níwájú orí rẹ̀, etí rẹ̀ òsì sì ya.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Màá di ẹfọ̀n. Màá wọ àárín wọn, màá sọ fún wọn pé ilẹ̀ yìí ò dáa, màá kó wọn padà sẹ́yìn òkè."

Àwẹ̀ró wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹ ó jẹ koríko ni?"

"Ta ní ń sọ ti koríko?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àkàngbé ti wọ awọ náà, ó ń fi ọwọ́ àti orúnkún rìn lọ nínú ọ̀dàn. Òkúta ń gún un, ó ń kérora. Bí ó ti yọ sí àwọn ẹfọ̀n, gbogbo wọn dúró gbagidi.

Arógunmásàá, akọ tó dàgbà jù nínú wọn, wo àmì funfun náà. Ó wo etí tó ya. Omi lé sí i lójú.

"Ìyá wa! Ìyá wa tí a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìbọn dún!"

Háà! Wọ́n sáré yí Àkàngbé ká, wọ́n ń fi ahọ́n lá a. Ahọ́n ẹfọ̀n sì rèé, ó le bí ewé ìpín! Wọ́n lá a níwájú, wọ́n lá a lẹ́yìn. Ni wọ́n bá dárin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbè é:

"Ìyá wa dé o!"
"Hùú, ọmọ ẹfọ̀n, hùú!"
"Ó lọ, ó lọ, ó tún dé!"
"Hùú, ọmọ ẹfọ̀n, hùú!"
"Etí rẹ̀ ya, orí rẹ̀ funfun!"
"Hùú, ọmọ ẹfọ̀n, hùú!"
"Kò ní í lọ mọ́ láéláé!"
"Hùú, ọmọ ẹfọ̀n, hùú!"

Nígbà tí Àkàngbé gbọ́ láéláé, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tètè sọ̀rọ̀. Ó sọ ohùn rẹ̀ di ńlá bíi ti ẹfọ̀n. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ yìí ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn òkè."

Arógunmásàá ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé ibí ni wọ́n bí yín sí. Ó ti rẹ̀ wá láti máa rìn káàkiri. Ẹ jẹ koríko ná."

"Eyín ń dùn mí."

"A mọ̀ pé ẹ ti dàgbà. A ti bá yín rún un."

"Yéè!" ni àwọn ọmọ pariwo. "Ó jẹ ẹ́, Bàbá Àgbà?"

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó jẹ ẹ́. Wọ́n tún rún òmíràn fún un.

Nígbà tó jẹun tán, Arógunmásàá ní, "Ìyá, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbí tó ń jẹ́ Àkàngbé. Màlúù rẹ̀ ń kó eégbọn ràn wá. Wọ́n ń tọ̀ sínú adágún kí a tó débẹ̀. Abo rẹ̀ kan sì ń tẹjú mọ́ ọmọ wa, kò jẹ́ kí ọmọ náà gbádùn."

Akọ kékeré kan tó ń jẹ́ Fìwojà ta pọ́ún. "Ìyá, ẹ sáà ní ká lọ! Lọ́sàn-án yìí, a ó fi ìwo tú agbo màlúù náà ká. A ó gbé Àkàngbé fúnra rẹ̀ jù sókè, a ó wá máa wo ibi tó máa bọ́ sí."

Òógùn bo Àkàngbé nínú awọ. "Ó tì o! Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ n rò ó ná."

Ó rò ó lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì rò ó rí. Ariwo ló ń pa. Ó mọ̀ pé màlúù òun kì í jẹ koríko gíga tó wà lókè odò. Ó mọ̀ pé wọn kì í mumi nírọ̀lẹ́.

Ó ní, "Odò Àṣá ni kó jẹ́ ààlà. Koríko gíga tó wà lókè odò, tiyín ni. Koríko kúkúrú tó wà lápá ìlú, ti màlúù ni. Kí màlúù mumi láàárọ̀, kí ẹ̀yin mu nírọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá kọjá ààlà, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá mú un padà. Kí ẹnikẹ́ni má kàn án níwo, kí ẹnikẹ́ni má sì yìnbọn sí i."

Gbogbo ẹfọ̀n mí kanlẹ̀. "Ìyá wa mọ ẹjọ́ dá!"

Ìdájọ́ náà dùn mọ́ Àkàngbé pàápàá nínú. Ó ti ń wá ọ̀nà tó máa fi yọ́ lọ. Àfi bí Àwẹ̀ró ṣe yọ létí odò, tòun ti agbada kékeré lórí.

"Bàbá Kóyè o! Bàbá Kóyè! Ọ̀jọ̀jọ̀ rèé o, ó ń tutù lọ!"

Òórùn ọ̀jọ̀jọ̀ fẹ́ dé. Àkàngbé gbàgbé pé ìyá ẹfọ̀n ni òun. Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti ní, "Mò ń bọ̀!" Ọwọ́ rẹ̀ sì ti yọ jáde lábẹ́ awọ.

Gbogbo ẹfọ̀n yíjú síbẹ̀.

Fìwojà wo ọwọ́ náà. "Ìyá wa ní ìka!"

Arógunmásàá fi ìwo kan ṣoṣo ká awọ náà kúrò. Àkàngbé ló wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ dúdú fún omi koríko.

"Níbo lo ti rí awọ ìyá wa?"

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í. Àkàngbé ì bá ní òun rí i he lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ẹfọ̀n àgbà náà, irọ́ náà kò jáde.

"Bàbá mi ló yìnbọn fún un. Orí àjà wa ló ti wà láti ìgbà náà."

Fìwojà fẹsẹ̀ walẹ̀, ó sọ orí kalẹ̀. Àwẹ̀ró sáré la odò kọjá, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀, agbada ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ dákun, kí ló sọ fún yín láti àárọ̀?"

Arógunmásàá ka ìdájọ́ náà fún un.

"Ṣé ó dáa àbí kò dáa?"

Ẹfọ̀n àgbà náà ní, "Ó dáa."

"Bí ẹ bá pa á nísinsìnyí, ta ni yóò mú màlúù rẹ̀ dúró lápá ìlú? Èmi ò lè ṣe é o. Wọn kì í gbọ́ tèmi."

Arógunmásàá gbé awọ náà pẹ̀lú ìwo rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ. "A ó sin ìyá wa. Ìdájọ́ tí o dá lórúkọ rẹ̀, àwa gbà á. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo gbà á," ni Àkàngbé wí. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ará oko kan, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ sàréè náà.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, iná kò rí koríko gíga tó máa jó wọ oko. Ṣùgbọ́n ọ̀dá tún tẹ̀ lé e. Adágún fà, ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, omi àárọ̀ kò tó màlúù Àkàngbé, òùngbẹ gbẹ wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ sì ni ti ẹfọ̀n. Àkàngbé fi màlúù rẹ̀ sẹ́yìn, òun nìkan ló lọ sétí omi.

"Mo mọ̀ pé àsìkò yín nìyí. Ẹran mi fẹ́ kú. Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni."

Àwọn ẹfọ̀n wo ara wọn. Fìwojà ló kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mu ná, ti ìhín àti ti ọ̀hún. Bí Àkàngbé ti ń da màlúù rẹ̀ kọjá, Fìwojà tẹ orí ba díẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Gbogbo ẹfọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Àkàngbé náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi."

Bàbá Láoyè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. "Ẹ̀kọ́ àlọ́ yìí ni pé kí a gbọ́ tẹnu aládùúgbò wa kí a tó lé e lọ. Ilẹ̀ tí a rò pé kò lè gbà wá pọ̀, ó lè gbà wá bí a bá jókòó sọ ọ́, tí oníkálukú sì dúró lórí ohun tó sọ.

"Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn pe orúkọ mi nísinsìnyí."

Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n tẹ́tí. Ewúrẹ́ kò fọhùn.

"Ó yá, ẹ lọ sùn."