Àwẹ̀ró Lẹ́nu Ọ̀nà Baálẹ̀

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò: ta ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí? Ẹni tó bá dá rìn, "mo dé" ni yóò wí. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ. A jẹ́ pé ẹnìkan ti dá dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé rí, tó lanu gbàgà, tó ní "àwá dé." Ẹni náà wà. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, amọ̀kòkò ni ní ìlú Ìlámọ̀.

Ìkòkò Àwẹ̀ró dára, òun náà sì mọ̀ pé ó dára. Bí àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀, òun kì í bá wọn jókòó. "Orí mi tó mi í fi ronú," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, aládùúgbò rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn nígbà kan lórí bí yóò ti máa to igi tó fi ń sun ìkòkò. Àwẹ̀ró fi í ṣẹ̀sín lójú àwọn oníbàárà, láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́.

Ó wá ṣe, Baálẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé bèbè odò tí gbogbo wọn ti ń wa amọ̀. Ó ní òun fẹ́ gbin obì síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kéde pé ẹni tó bá tún wa amọ̀ níbẹ̀, òun yóò tì í mọ́lé títí yóò fi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní débẹ̀ mọ́.

Ìlámọ̀ kò ní ibòmíràn tí amọ̀ ti dára. Ẹni tó bá gba bèbè odò lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí, ọbẹ̀ ló dà nù nínú ìkòkò wọn. Àwẹ̀ró kò dúró gbọ́ tẹnìkankan. Ó gbé igbá, ó lọ wa amọ̀ níṣojú àwọn tó ń ṣánko fún Baálẹ̀, ó rù ú lọ sẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó sì ké tantan:

"Baálẹ̀! Àwá dé! Àwa amọ̀kòkò la wá gba ilẹ̀ wa!"

Oníbodè yọjú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìwọ àti ta ni?"

Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnìkankan. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ó rí obìnrin kan ṣoṣo tí ẹrẹ̀ ń ro lára rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ mú un wọlé."

Wọ́n tì í mọ́ yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Kò jẹ́jẹ̀ẹ́, kò sì sunkún. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Kì í ṣe àtìmọ́lé náà ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé òótọ́ ni Baálẹ̀ sọ. Ta ló bá sọ̀rọ̀ kó tó lọ? Kò tilẹ̀ yà sílé tirẹ̀; ilé Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ló gbà lọ.

"Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú. Ọ̀rọ̀ yìí ju orí mi lọ."

"O pẹ́ kí o tó dé," Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ wí, ó sì ti àpótí ìjókòó sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo amọ̀kòkò péjọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n lọ hú obì tí Baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn dànù. Ìyá Jọláadé, tó dàgbà jù láàárín wọn, kọ̀ jálẹ̀. "Bí a bá hú obì olóbì, àwa la jẹ̀bi."

"Baálẹ̀ ní ẹni tó bá wa amọ̀, òun á tì í mọ́lé," Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ wí. "Ó dáa. Ṣé ilé rẹ̀ gba gbogbo wa?"

"Ibi tí wọ́n tì mí mọ́ ò gba ẹni márùn-ún," Àwẹ̀ró dáhùn. "Ìyálé rẹ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó ní ẹni tó bá ti èèyàn mọ́lé ló ń bọ́ ọ."

Ìyá Jọláadé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. "Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ṣé a óò fi wọ́n sílẹ̀ kí ebi pa wọ́n ni?"

Kò sí èyí tó dá ọgbọ́n náà gbọ́n nínú wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde, ọgbọ́n ti pé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn lọ wa amọ̀. Wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ru amọ̀ lórí. Àwẹ̀ró ló ṣíwájú.

"Baálẹ̀, àwá dé! Gbogbo wa la wa amọ̀. Ẹ wá tì wá mọ́lé!"

Oníbodè yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó sá wọlé. Àwọn obìnrin wọ́ tẹ̀lé e. Àgbàlá kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Wọ́n da amọ̀ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, wọ́n ń mọ ìkòkò nínú ilé Baálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wà nílé ara wọn. Àwọn ọmọ ń lé adìyẹ kiri. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ìyálé ti fìbínú ju ọbẹ sílẹ̀: "Iṣu ti tán, Baálẹ̀, àwọn ọmọ yìí ò sì tíì yó!" Nírọ̀lẹ́, àwọn ọkọ wọn dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ibi tí ìyàwó wa bá wà loúnjẹ wa wà, Baálẹ̀. Ẹ kú ìnáwó o."

"Ẹ máa lọ sílé yín!" Baálẹ̀ pariwo.

Àwẹ̀ró kò gbójú kúrò lára ìkòkò tó ń mọ. "A ò tíì jẹ́jẹ̀ẹ́, Baálẹ̀. A ò sì ní jẹ́ ẹ."

Baálẹ̀ wo ìkòkò tútù tí wọ́n tò yí ògiri rẹ̀ ká. "Kí lẹ fẹ́?"

"Bèbè odò."

"Mo ti yọ̀ǹda rẹ̀."

"Bí ẹ ṣe kéde tàkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ kéde èyí náà," Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ wí láti ẹ̀gbẹ́ Àwẹ̀ró. Àfìgbà tí oníbodè kéde yí ìlú ká ni wọ́n tó gbọn ẹrẹ̀ ọwọ́ wọn nù.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí Baálẹ̀ fi ṣẹlẹ́yà ṣe di òwe lẹ́nu àwọn tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìyà bá ń jẹ ọ́, òwe náà kò ní kí o panu mọ́. Ó ní kí o kọ́kọ́ yà sí ilé tí o ti ń bínú sí, kí o wá orí kún orí, kí ẹ tó jọ lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.