Ìborùn Tó Nàró

Súfíánù, tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sọ́rùn agbádá, gbà pé ọnà tí kò bá le gbagidi kì í ṣe ọnà. Irú bébà kan ṣoṣo, tó nípọn bíi páálí, ló máa ń tẹ́ sábẹ́ gbogbo aṣọ, kí aṣọ má bàa sunkì.

Ìyá àgbà kan gbé ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá. Ó sọ orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí i létí pé kó fi òwú kọ ọ́ sára ìborùn náà, torí ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Súfíánù tẹ́ bébà rẹ̀, ó rán an, ó sì ń yangàn. Ìyá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìborùn nàró bí ọlọ́pàá tó rí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọmọ ni mo fẹ́ fi í wé o, n kò sọ pé mo fẹ́ fi kan òrùlé!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí mo ṣe ń ṣe é fún agbádá nìyẹn."

"Ṣé agbádá ni mo gbé wá? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ọmọ mi."

Ojú tì í. Ó fi abẹ́ tú òwú náà díẹ̀díẹ̀, ó tọrọ bébà fẹ́lẹ́ tó ń yòrò lómi lọ́wọ́ aránṣọ obìnrin tó múlé tì í, ó tún un rán, ó sì rì í sómi. Bébà yòrò, orúkọ dúró.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìsọmọlórúkọ, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ọmọ, Súfíánù na ọrùn wò ó. Ọmọ ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orúkọ rẹ̀ lára ìborùn, ó ń sùn fọnfọn.