Ìdí Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Ń Kó Ọwọ́ Lé Àyà

Nígbà láéláé, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í dúró bó bá ń sáré. Bó bá ti gbéra nídìí ọ̀pẹ kan, ó di ìdí ọ̀pẹ mìíràn. Kì í wo ẹ̀yìn, kì í sì í mí kanlẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Àkàngbé. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ń gbé ní ẹsẹ̀ àpáta ńlá kan, níbi tí odò kan ń gbà kọjá. Àbẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta ni.

Ní ọdún kan, òjò tètè dé. Odò kún, ó sì ń sún mọ́ ihò tí gbogbo ẹranko àdúgbò ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Àgbọ̀nrín ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ jẹ́ ká kó oúnjẹ wa gun orí àpáta," ó wí. "Tó bá fi máa di ọjọ́ márùn-ún òní, omi á ti wọlé."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníkálùkù á gbé ẹrù, á gun àpáta, á sọ ọ́ kalẹ̀ lókè, á sì sáré padà wá gbé òmíràn. Bí wọ́n bá ń lọ, ẹrù ni. Bí wọ́n bá ń bọ̀, eré ni.

Òkété rọra ń gbé tirẹ̀. Ehoro ń sinmi lábẹ́ igi lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta-mẹ́ta. Àkàngbé kò sinmi rárá. Ẹyìn ọ̀pẹ kan ni ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òun so mẹ́rin pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ gbé e, á sé èémí mọ́ inú, ojú rẹ̀ á le, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ.

"Ẹ sinmi díẹ̀, bàbá àwọn ọmọ," Àbẹ̀kẹ́ wí.

"Àgbọ̀nrín ti lọ ìrìn ogún," Àkàngbé dáhùn. "Ṣé kí n jẹ́ kó fi mí sílẹ̀ ni?"

"Àgbọ̀nrín kì í ṣe ẹgbẹ́ yín."

Àkàngbé gbé ẹrù rẹ̀. Ó ti lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, oòrùn mú gan-an. Àkàngbé sáré dé láti orí àpáta, ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti gbé ẹrù mìíràn. Etí rẹ̀ ń hó. Àyà rẹ̀ ń lù bí ẹni pé nǹkan fẹ́ bẹ́ jáde níbẹ̀. Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ohùn kò jáde. Ilẹ̀ yí, ó sì ṣubú.

Àbẹ̀kẹ́ rí i lókèèrè. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, ó rò pé ọkọ òun ti gbà láti sinmi. Nígbà tó dé ibẹ̀, tó rí i pé ojú rẹ̀ ti yí sókè, ló wá figbe ta. Ó sáré lọ bá Ìyá Òòrẹ̀, arúgbó tó gbẹ̀bí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìyá Òòrẹ̀ fi etí lé àyà Àkàngbé. Àbẹ̀kẹ́ ń wò ó lójú.

"Ó ń lù," ni arúgbó náà wí níkẹyìn. "Ó yára jù, ṣùgbọ́n ó ń lù."

Wọ́n wọ́ ọ sábẹ́ igi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé gbòǹgbò, wọ́n fi ewé tútù fẹ́ ẹ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Àkàngbé lajú.

"Ẹrù mi dà?" ló kọ́kọ́ béèrè.

Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà ló ti ń sunkún.

Lẹ́yìn tó mu omi díẹ̀díẹ̀, Àkàngbé ní, "Ìyá, kí ló ṣe mí?"

"Ọkàn kan wà ní àyà rẹ," Ìyá Òòrẹ̀ dáhùn. "Bó o bá sáré, òun náà ń sáré. Bó o bá gbé ẹrù, ẹ jọ gbé e ni. O kò sì bi í rí bóyá ó rẹ̀ ẹ́."

"Báwo ni n ó ṣe bi í?"

Ìyá Òòrẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e lé e láyà.

"Bó bá ń lù kìkìkì, tí o kò lè pe orúkọ ara rẹ àti ti bàbá rẹ láìmí láàárín, dẹwọ́. Má jókòó lójijì. Máa rọra rìn títí yóò fi rọlẹ̀, kí o tó gbé òmíràn. Bó o bá sì ń gbé ẹrù, mí jáde, má sé èémí. Ọjọ́ tí àyà bá dùn ọ́ tàbí tí òòyì bá kọ́ ọ, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Ránṣẹ́ sí mi."

Ní ọjọ́ kẹrin, kò gbé nǹkan kan. Ara ń ni ín, nítorí omi ń gòkè, ẹyìn rẹ̀ sì kù nílẹ̀. Àgbọ̀nrín wá kí i.

"Ìwọ ni kò jẹ́ kí n lè sinmi," Àgbọ̀nrín wí. "Mo rò pé ò ń lé mi bọ̀ ni."

"Èmi náà rò pé ò ń sá fún mi ni," Àkàngbé wí. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mọ́, tí Ìyá Òòrẹ̀ ti tún gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Àkàngbé gbé ẹyìn kan ṣoṣo. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó kó ọwọ́ lé àyà.

"Àkàngbé, ọmọ Ògúndélé," ó wí. Orúkọ méjèèjì jáde geere. Ó tún ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tó fi gbé èyí tó kẹ́yìn dé òkè. Kò pẹ́ sí i ni omi wọ inú ihò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ẹranko jókòó lórí àpáta, wọ́n ń wo odò, wọ́n ń jẹun. Àbẹ̀kẹ́ fara ti ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń sáré díẹ̀, tó ń dúró, tó ń nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, tó sì ń kó ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Àwọn tó ń rí i rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù kọ́. Ọkàn rẹ̀ ló ń bi bóyá kí àwọn méjèèjì máa lọ.